Káàdì wo ni mo lè fi sínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ oní-tíráàkì mẹ́jọ, báwo ni mo sì ṣe máa múra rẹ̀ sílẹ̀?

Ọmọ Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àwọn ìyá àgbà ilé wa ní Ìsánlú ti gbà kí n wá gba orin wọn sílẹ̀: orin òkú àgbà, orin ìgbéyàwó, àti àwọn kan tí wọ́n máa ń kọ lóko nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ wúńdíá. Púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí, kò sí ọ̀dọ́ kankan nílé wa tó lè kọ ọ́ dé ìdajì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù nínú wọn ti lé lọ́gọ́rin ọdún, àwa ọmọ ọmọ sì ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ pé a máa gbà á sílẹ̀.

Mo ti ra Zoom R16 àlòkù, èyí tó ń gba máìkì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ohùn ẹni tó ń lé orin dá wà, kí ti àwọn elégbè dá wà, kí agogo àti ìlù náà ní ààyè tiwọn. Bí ìlù bá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, màá lè dín in kù nílé.

Káàdì ni ìṣòro mi. Mo ra 128GB kan ní Lọ́kọ́jà. Mo kì í bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ò dá a mọ̀. Mo gbé e sínú kọ̀ǹpútà, ó ṣí láìjanpata. Ṣé kí n fọ́ọ̀màtì rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà ni, ìyẹn kí n pa inú rẹ̀ rẹ́ kí n sì tún un pín, àbí kí n ra òmíràn? Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n ta ẹ̀rọ náà, kí n lọ wá èyí tó ń lo háàdì dísìkì. Ìparí oṣù yìí la fi àdéhùn sí.

Agbohùn Kàbà

Okun o, àbúrò. Iṣẹ́ gidi lo dáwọ́ lé. Má ta ẹ̀rọ yẹn o.

Káàdì SD tí kò ju 2GB lọ, àti SDHC láti 4GB dé 32GB, ni wọ́n ṣe R16 fún. Wo ojú káàdì tìrẹ yẹn dáadáa, SDXC lo máa bá níbẹ̀. Títóbi nìkan kọ́ ló ya àwọn méjèèjì. SDHC máa ń ti ilé iṣẹ́ wá pẹ̀lú FAT32, SDXC sì máa ń wá pẹ̀lú exFAT. Ọ̀nà tí wọ́n gbà pín inú káàdì sí yàrá yàrá, tí wọ́n sì kọ ohun tó wà nínú yàrá kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ni FAT32 àti exFAT. Ẹ̀rọ tó mọ FAT32 nìkan, bó bá débi exFAT, kò ní mọ ẹnu ọ̀nà. Kọ̀ǹpútà mọ méjèèjì, ìyẹn ló fi ṣí i fún ẹ.

Àwọn kan máa ń sọ 128GB di FAT32 tipátipá, ẹ̀rọ a sì gbà á nígbà míì. Bó bá jẹ́ ìdánrawò nínú yàrá ẹ ni, mi ò ní dí ẹ lọ́wọ́. Fún orin àwọn ìyá wọ̀nyí, rárá. Ra SDHC 32GB méjì, kí ọ̀kan wà nínú ẹ̀rọ, kí èkejì wà lápò.

Má bẹ̀rù pé 32GB kéré. Bó o bá gbà á ní 24-bit (bí ẹ̀rọ ṣe ń wọn ohùn ní fínnífínní tó), 44.1kHz (iye ìgbà tó ń wọ̀n ọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), tíráàkì kan á jẹ nǹkan bíi 476MB ní wákàtí kan. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ á jẹ 3.8GB. Káàdì 32GB kan á sìn ẹ́ tó wákàtí mẹ́jọ. Má tìtorí àyè lọ sí 16-bit o. Àwọn ìyá àgbà, wọ́n á kọ́kọ́ máa kọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́, tó bá yá tí orin wọ̀ wọ́n lára wọ́n á ké tantan. O máa nílò àyè láti tún ohùn gbé lókè lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé ó ń há.

Ní ti eré sísá, wá èyí tí wọ́n kọ 10 sínú C sí lára, ìyẹn Class 10. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kò ní kọ ohun tó kéré sí 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tíráàkì mẹ́jọ ò ju 1MB lé díẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ẹnìkan lè sọ pé Class 4 náà tó. Lórí ìwé, ó tó. Ṣùgbọ́n káàdì a máa dúró díẹ̀ láàárín iṣẹ́ láti tún inú ara rẹ̀ tò, orin kì í sì í dúró dè é. Ibi tí káàdì bá ti dúró jù, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ á ti dákẹ́ iṣẹ́.

Oníkọ̀ǹpútà Ògìdì

Gbogbo ohun tí Ẹ̀gbọ́n sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí Ọmọ Ìsánlú mọ̀ kó tó ra òmíràn: ayédèrú káàdì.

Wọ́n á mú káàdì 8GB, wọ́n á tún ọpọlọ rẹ̀ kọ kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 128GB. Kọ̀ǹpútà á gbà á gbọ́, ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ náà á gbà á gbọ́. Wàá máa gba ohùn sí i, kò ní ké, kò ní kọ̀. Bí 8GB tòótọ́ yẹn bá ti kún, gbogbo ohun tó bá tẹ̀ lé e ti lọ nìyẹn, tàbí kó máa kọ ọ́ lé orí ti ìṣáájú. Orúkọ fáìlì á wà níbẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ á pé. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbọ́ ọ lo máa tó mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Lórí Windows, H2testw ni mo fi ń dán wọn wò. Ọ̀fẹ́ ni, ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní c't ní Jámánì ló gbé e jáde. Ẹni tó ń lo Linux tàbí Mac, kó wá F3. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á fi fáìlì 1GB 1GB kún káàdì náà bámúbámú, wọ́n á wá padà ka ohun tí wọ́n kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bóyá ó ṣì pé. Ó ń gba àkókò o. Káàdì 32GB tó ń kọ 10MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan á gba bíi wákàtí kan láti kún, ká tó wá sọ ti kíkà. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná bá wà, kó o bá iṣẹ́ míì lọ.

Kó gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kúrò kó o tó ṣe é, kí káàdì náà ṣófo pátápátá. Bí ohun kan bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò ní lè dán apá ibẹ̀ wò, bí ayédèrú bá sì ni, á bà á jẹ́.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti fi H2testw dán 128GB náà wò lálẹ́ àná. Ó kọ ọ́ gààràgà pé ó ṣeé ṣe kí káàdì náà ní àbùkù, díẹ̀ lé ní 7GB ló ní ó dára, ó kọ DATA LOST sí iwájú gbogbo ìyókù. Ẹnìkan ń bá mi lọ sí Lọ́kọ́jà lọ́la, á ra SDHC 32GB méjì bọ̀ ní ibòmíràn, màá sì dán àwọn náà wò.

Bí wọ́n bá yege, níbo ni kí n ti fọ́ọ̀màtì wọn?

Agbohùn Kàbà

Nínú R16 fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ tó máa kọ ọ̀rọ̀ sí káàdì ni kó pín inú káàdì náà. Òun ló mọ bí yàrá rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, òun ló sì máa dá fólídà tó ń wá sílẹ̀. Pa ẹ̀rọ, ki káàdì bọ̀ ọ́, tàn án, lọ sí TOOL, wá SD CARD, kó o yan FORMAT. Á béèrè lọ́wọ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́.

Bó o bá fẹ́ kọ́kọ́ fọ káàdì tuntun mọ́ nínú kọ̀ǹpútà, má lo èyí tó bá Windows wá. Àjọ tó ń ṣètò ọ̀rọ̀ SD ní tiwọn, SD Memory Card Formatter lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ náà ni. Lẹ́yìn náà kó o tún un ṣe nínú R16.

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí nítorí mo ń rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń gba ohùn ṣọ́ọ̀ṣì káàkiri Kàbà níbí. Wọ́n á lo káàdì kan lọ́sẹ̀ yìí, bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún wọ́n á pa fáìlì méjì mẹ́ta rẹ́, wọ́n á tún gba òmíràn sí i, wọ́n á tún pa mélòó kan rẹ́. Àyè tó ṣófo nínú káàdì náà á ti di jálajàla. Ẹ̀rọ tó fẹ́ kọ fáìlì mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà á wá máa sáré láti igun kan dé igun kejì kó tó rí ibi tó máa kọ ọ́ sí. Wọ́n á ní káàdì ti gbó. Kò gbó. Ẹ kó ohun tó wà níbẹ̀ sí kọ̀ǹpútà, ẹ rí i dájú pé ó ṣí, kí ẹ wá fọ́ọ̀màtì rẹ̀ látòkè délẹ̀ kó tó wọ iṣẹ́ míì.

Akọrin Mọ̀pà

Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, èmi ni mo ń bójú tó ohùn nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Míkísà Qu ti Allen & Heath la ní, a sì máa ń gba ohùn gbogbo máìkì sórí USB tí a kì bọ ojú rẹ̀. Tíráàkì 18 ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Flash kékeré tí a ń lò, ó ń dára lọ́sẹ̀ kan, lọ́sẹ̀ kejì ó dáwọ́ dúró láàárín orin. A yí i padà, òun náà ni. Kí la ṣe tí kò dára?

Agbohùn Kàbà

Àǹtí, ẹ ò ṣe ohun tí kò dára. Tíráàkì 18 ní 24-bit, 48kHz, ó lé ní 2.5MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, láìdúró, fún odidi ìsìn. Flash tí wọ́n ń tà fún gbígbé fọ́tò àti ìwé, ó máa ń sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá gbóná tí inú rẹ̀ sì ń kún, á máa lọ́ra. Háàdì dísìkì kékeré tó ń gba iná láti ojú USB ló yẹ yín níbẹ̀, tàbí SSD, irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú. Nínú míkísà ni kí ẹ ti fọ́ọ̀màtì rẹ̀, ó ní ojú ìwé tirẹ̀ fún un. Kí ẹ má fi ohun mìíràn sí orí dísìkì náà, kì í ṣe fíìmù, kì í ṣe ìwé ìpàdé. Dísìkì ohùn, ohùn nìkan.

Ìsìn wákàtí mẹ́ta á jẹ nǹkan bíi 28GB. Ẹ fi ìyẹn ṣírò iye ọ̀sẹ̀ tí dísìkì yín á gbà.

Ọmọ Bùnú

Ẹ̀gbọ́n Agbohùn, mo wá béèrè ti X32, míkísà Behringer. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní káàdì X-Live nínú rẹ̀, èyí tó ń gba ohùn míkísà náà sílẹ̀, SD ló ń lò. Ìsìn kan ṣoṣo, mo bá fáìlì rẹpẹtẹ, kò sí èyí tó gùn tó ìṣẹ́jú méjìlá. Ó dà bíi pé ó ń já. Ṣé káàdì ló ń kú lọ ni?

Oníkọ̀ǹpútà Ògìdì

Káàdì rẹ sàn. FAT32 ló fà á. Fáìlì kan ò gbọdọ̀ tó 4GB lórí FAT32, òfin rẹ̀ nìyẹn, kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè yí i padà. X-Live ń kó ohùn ìkànnì 32 pọ̀ sínú fáìlì kan, 32-bit ló sì fi ń kọ ọ́, ó ń lọ bíi 6MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá fi 4GB pín in, kò ní pé ìṣẹ́jú méjìlá. Bó bá kù díẹ̀ kó kún, ó ti ilẹ̀kùn fáìlì náà, ó ṣí òmíràn, kò sì sí ohùn kankan tó sọnù láàárín wọn. To wọn tẹ̀léra wọn nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á so pọ̀ geere.

R16 ti Ọmọ Ìsánlú ò ní irú èyí, nítorí tíráàkì kọ̀ọ̀kan ló ní fáìlì tirẹ̀. Fáìlì ohùn kan ṣoṣo, ní 24-bit, 44.1kHz, á fi wákàtí mẹ́sàn-án rìn kó tó kan 4GB.

Ọmọ Bùnú, nígbà tó o bá ń kó iṣẹ́ kúrò nínú káàdì X-Live, odidi fólídà ni kó o kó. Fáìlì kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ se_log.bin. Bó o bá fi í sílẹ̀, X32 ò ní mọ iṣẹ́ náà mọ́ bó o bá fẹ́ gbé e padà sí orí míkísà.

Bàbá Ìyàrá

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, inú mi ń dùn. Ẹnìkan sọ pé kí ọmọ yìí lọ wá ẹ̀rọ oní háàdì dísìkì. Mo ní ọ̀kan, Alesis HD24, irú rẹ̀ jáde ní 2001, mo sì ṣì ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún un kó tó náwó.

Tíráàkì 24 ló ń gbà, 24-bit, 48kHz. Ohùn rẹ̀ dára, kò sí àríyànjiyàn. Ojú méjì ló ní níwájú, àtẹ kékeré kan ni a máa ń de dísìkì mọ́ kí a tó tì í bọ̀ ọ́. Dísìkì IDE ni, àwọn ti àtijọ́ tí okùn wọn fẹ̀ bí ọ̀já. Kí o tó de dísìkì mọ́ àtẹ náà, wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wàá rí àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké àti ìdérí pẹnpẹ kan tó gun méjì nínú wọn. Ìdérí yẹn gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí wọ́n kọ Master sí. Àwòrán ibi tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ dísìkì náà, kò dọ́gba láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Bó bá wà níbòmíràn, ẹ̀rọ ò ní rí dísìkì rárá, ẹ ó sì máa rò pé dísìkì kú.

Lẹ́yìn náà ni fọ́ọ̀màtì, inú ẹ̀rọ náà ni, kò sí ibòmíràn. Ètò tirẹ̀ ló fi ń kọ ọ́, FST ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe FAT32, kì í ṣe exFAT, kọ̀ǹpútà kankan ò mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fetí sí mi: bí ẹ bá so dísìkì HD24 mọ́ kọ̀ǹpútà, Windows á gbé ìbéèrè kan wá, á ní dísìkì yìí kò tíì ṣeé lò, ṣé kí òun múra rẹ̀ sílẹ̀ tàbí kí òun fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Cancel ni kí ẹ tẹ̀. Ẹni tó bá tẹ OK, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan lé orí iṣẹ́ nìyẹn. Mo mọ ẹni tí orin ìsìnkú odidi ìdílé kan bá a lọ lọ́nà yìí, àwọn tó kọ ọ́ kò sì sí mọ́ láti tún un kọ.

HD24tools ni mo fi ń ka dísìkì náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ní ojú Ethernet lẹ́yìn, ibi tí a ń ki okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì bọ̀, ṣùgbọ́n 10Mbit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Iṣẹ́ wákàtí kan, tíráàkì 24, ó lé ní 12GB. Bó bá tiẹ̀ ń sáré tó bó ṣe lè sáré tó, á kọjá wákàtí méjì àtààbọ̀ kó tó kó o tán.

Dísìkì IDE tuntun ti ṣọ̀wọ́n báyìí. Èyí tí ẹ bá rí, àlòkù ni, ẹ ò mọ ìyà tó ti jẹ kó tó dé ọwọ́ yín. Ọmọ Ìsánlú, káàdì rẹ yẹn ni kó o mú lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní dísìkì HD24 nílé tí iṣẹ́ ṣì wà lórí wọn, ẹ kó wọn jáde lọ́dún yìí. Dísìkì tó ti wà nínú àpótí láti ọdún pípẹ́, ọ̀rá inú rẹ̀ lè ti dì, ó lè kọ̀ láti yí. Èyí ń dùn mí o. Orin Òwé, Bùnú, Ìjùmú, Ìyàgbà wà lórí irú dísìkì bẹ́ẹ̀ nínú ilé àwọn èèyàn, òmíràn wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọmọ Bùnú

Bàbá, ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní irú dísìkì bẹ́ẹ̀ méjì, orin ìsìnkú àgbà ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fi aṣọ ìpò bo òkú bàbá wa. Ṣé mo lè gbé wọn wá sí Ìyàrá?

Bàbá Ìyàrá

Gbé wọn bọ̀, ọmọ mi. Fi aṣọ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí wọ́n má kanra wọn lójú ọ̀nà. Má tàn wọ́n wò kó o tó dé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá yí, kó jẹ́ pé a ti múra láti kó iṣẹ́ inú wọn.

Ọmọ Ìsánlú

Àwọn 32GB méjèèjì yege, H2testw kọ ọ́ pé kò sí àṣìṣe kankan. Mo ti fọ́ọ̀màtì wọn nínú R16. Ẹ̀rọ náà gbà wọ́n.

Ìbéèrè tó kù ni ti iná. Abúlé ni agbo ilé wa wà, jẹnẹrétọ̀ la máa tàn, a ó sì gbé e jìnnà kí ariwo rẹ̀ má bàa wọ máìkì. Bí epo bá tán tàbí tí ẹnìkan bá kọ́ ẹsẹ̀ mọ́ wáyà, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ohun tó ti wà lórí káàdì?

Agbohùn Kàbà

Má lo jẹnẹrétọ̀ fún R16 rárá. Bátìrì AA mẹ́fà ló ń lò, fi bátìrì sí i. Kó bátìrì tuntun púpọ̀ dání, pàápàá bó bá jẹ́ pé máìkì tó ń gba iná 48V láti ara ẹ̀rọ lo fẹ́ lò, torí ìyẹn ń mu iná lọ́nà àrà. Pààrọ̀ bátìrì nígbà tí wọ́n bá ń sinmi, má dúró dìgbà tí àmì rẹ̀ bá pupa.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí iná bá já nìyí. Fáìlì WAV, ìyẹn irú fáìlì ohùn tí R16 ń kọ, ní orí, orí yẹn ló ń sọ bí ohùn inú rẹ̀ ṣe gùn tó. Ìgbà tó o bá tẹ STOP ni ẹ̀rọ máa ń padà lọ kọ gígùn náà síbẹ̀. Bí iná bá lọ kó o tó tẹ STOP, ohùn lè wà lórí káàdì, kí orí fáìlì máa sọ pé òfo ni. Bó bá ṣe ẹ́ bẹ́ẹ̀, yọ káàdì náà, má gba ohun mìíràn sí i, má sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà "tún un ṣe." Kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà odidi káàdì náà. Bí fáìlì bá ní ìwọ̀n, wọ Audacity, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe, lọ sí Import, yan Raw Data, kó o sọ fún un pé 24-bit ni, little-endian, mono, 44100. Ohùn á jáde. Bí ìwọ̀n fáìlì bá jẹ́ òfo, ẹni tó mọ ìlò ẹ̀rọ tó ń wá fáìlì tó sọnù ni kó o gbé e lọ bá.

Ẹni tó ní X-Live, àyè bátìrì CR123A wà lára káàdì yẹn nítorí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí iná bá lọ, òun ló ń fún un lágbára láti ti ilẹ̀kùn fáìlì. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí àyè náà ṣófo. Ẹ ra á sí i.

Ọmọ Ìsánlú, má gba gbogbo ìjókòó náà sínú fáìlì kan. Orin kan tán, tẹ STOP, ṣí iṣẹ́ tuntun, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó burú jù tí iná lè mú lọ á jẹ́ orin kan.

Akọrin Mọ̀pà

Kí n fi díẹ̀ kún un, ọmọ mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ orin kọ̀ọ̀kan, sọ ọjọ́, ibi tí ẹ wà, orúkọ ìyá tó ń lé orin, àti orúkọ orin náà sínú máìkì. Fáìlì á máa jẹ́ nọ́ńbà lásán, ọdún márùn-ún sí i kò sẹ́ni tó máa mọ èyí tí ó jẹ́ orin ìgbéyàwó nínú wọn. Bi wọ́n léèrè pẹ̀lú bóyá orin kan wà tí wọn ò fẹ́ kí àjèjì gbọ́. Ya ìyẹn sí káàdì kejì.

Oníkọ̀ǹpútà Ògìdì

Àwọn ohun kéékèèké tó máa ń dá ni dúró lójú agbo:

Kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì káàdì SD. Bó bá sún wálẹ̀ sí Lock, ẹ̀rọ ò ní lè kọ ohunkóhun sí i. Ó máa ń sún fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń kì í bọ̀ ọ́. Fi ojú wò ó.

Má lo microSD tó wà nínú ẹ̀wù SD. Ẹ̀wù yẹn ní irin pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tirẹ̀, bí ẹ̀rọ bá mì, ó lè má kanra.

Káàdì tó o bá yọ kúrò nínú R16 àti èyí tó wà lápò, sọ wọ́n sínú ike wọn. Bó bá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, eruku wà níbi gbogbo. Má fi wọ́n sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò lọ́sàn-án.

Àti pé, kó o tó kúrò nílé, tan tíráàkì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, tẹ REC, kó o fi í sílẹ̀ fún àkókò tó gùn ju ìjókòó tó o ń retí lọ. Fi rédíò síwájú máìkì kí ohùn gidi máa wọlé. Lẹ́yìn náà gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, gbọ́ àárín, gbọ́ ìparí, lórí tíráàkì kọ̀ọ̀kan. Bí ìdánwò bá tán, fọ́ọ̀màtì káàdì náà lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ẹ̀rọ.

Ọmọ Ìsánlú

A ti ṣe é o! Gbogbo ọ̀sán ni wọ́n fi kọrin. Ìyá tó dàgbà jù, nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú fóònù etí, ó ní kí n dá a padà, pé ẹsẹ kan wà tí òun fò. Ó tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, ẹsẹ náà wọlé, ẹnikẹ́ni nínú wa ò sì gbọ́ ọ rí. Bátìrì tán lẹ́ẹ̀kan, lákòókò ìsinmi, bí ẹ̀gbọ́n ṣe wí. Káàdì ò yọ mí lẹ́nu rárá.

Báyìí, báwo ni kí n ṣe kó wọn pamọ́? Kọ̀ǹpútà mi ò ní àyè púpọ̀.

Agbohùn Kàbà

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí wọn sí. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ yẹn wú mi lórí.

Kó odidi fólídà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe WAV nìkan. Fáìlì tó ń sọ èyí tó jẹ́ tíráàkì kìíní àti èkejì wà nínú rẹ̀. Ra háàdì dísìkì méjì tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n, kó ohun kan náà sórí méjèèjì. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ rẹ, èkejì á wà nílé mìíràn, ní ìlú mìíràn bó bá ṣeé ṣe. Fi exFAT fọ́ọ̀màtì àwọn wọ̀nyí, kọ̀ǹpútà ló máa kà wọ́n, kì í ṣe R16. Kọ orúkọ orin àti orúkọ olórin sínú ìwé, ya fọ́tò ìwé náà, fi fọ́tò náà sínú fólídà.

Títí wọ́n á fi wà lórí dísìkì méjèèjì tó o sì ti gbọ́ wọn lórí méjèèjì, ti kọ́kọ́rọ́ ẹ̀gbẹ́ káàdì náà sí Lock, má sì fọ́ọ̀màtì rẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú

Mo ti tì í sí Lock báyìí. Bí mo bá wá sí Kàbà lọ́jọ́ ọjà, ṣé mo lè fi dísìkì kejì sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n?

Agbohùn Kàbà

Mú un bọ̀. Mo ní àpótí irin tí mo ń kó irú wọn sí. Kọ orúkọ ìdílé yín àti ọjọ́ sí ara rẹ̀ kó o tó wá.